Bí Mo Ṣe Wá Oyin Lọ sí Ìlọrin

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó mú ẹsẹ̀ mi lọ tí ó sì mú un bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé, "Tísà, báwo ni ọ̀hún ti rí?" N kò lè jókòó ti ẹnìkọ̀ọ̀kan yín kí n máa tún un sọ. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí ó lè kàwé kà á fún ẹni tí kò lè kà á. N óò sọ ti ojú ọ̀nà díẹ̀, n óò sọ ti ìlú náà púpọ̀, n óò sì sọ ohun tí ó gbé mi lọ láìbo ohunkóhun, nítorí mo ti bò ó tó.

Ohun tí ó lé mi jáde

Ẹni tí kì í ṣe ará Òdò-Iyanrìn kò lè mọ igi àràbà wa. Ẹ̀yìn ọjà ni ó wà. Inú rẹ̀ ní ihò, oyin sì ti ń gbé inú ihò náà kí a tó bí baba ẹnikẹ́ni tí ó wà láàyè lónìí. Àwọn àgbà kì í kọjá níbẹ̀ kí wọ́n má kí i, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi ìka kan oyin ibẹ̀ lá. Nígbà tí a kọ́ ilé ìjọsìn wa, ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú. Mo ní ẹ̀dá ni wọ́n ń kí, wọ́n gbàgbé Ẹlẹ́dàá. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, nígbà tí a kọrin tán, mo mú ògùṣọ̀, mo ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ lọ síbẹ̀, a dáná sun igi náà. Oyin ń já bọ́ bí òjò, àwa ń kọrin.

A kò dúró níbẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn náà àti èyí tí ó tẹ̀lé e, a wá gbogbo igi oníhò tí ó yí oko ká, a jó wọn. Kódà àwọn oyin wẹ́wẹ́ tí kì í ta ènìyàn, tí wọ́n ń gbé inú ògiri ilé àtijọ́, a fi ọkọ́ ha wọ́n jáde, nítorí àwọn kan ní ìránṣẹ́ ti àràbà ni wọ́n.

Ẹ̀gúsí ni iṣẹ́ ìlú wa. Lọ́dún tí a jó igi, ìtàkùn bàrà tí ń so ẹ̀gúsí tàn, ó yọ òdòdó, gbogbo oko pọ́n rúsúrúsú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó so kò ju èyí tí a lè fi ṣe irúgbìn lọ. Ọdún kejì burú ju bẹ́ẹ̀. Baba Ọ̀tún, tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ń tọ́jú àràbà, ránṣẹ́ pè mí. Kò pariwo rárá.

Ó ní, "Tísà, ẹ ti lé ohun tí ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ yìí so. Bí a bá tún gbin bàrà lẹ́ẹ̀kẹta tí kò so, ẹ ó kó ilé ìjọsìn yín kúrò lórí ilẹ̀ wa. Ìwọ ni yóò sì ṣáájú wọn jáde, nítorí ìwọ ni o ṣáájú wọn lọ sí ìdí àràbà."

Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀, n kò rí èsì. Lẹ́yìn náà ni Làmídì, ọkùnrin tí ń ru obì lọ sí òkè, sọ fún mi pé ní Ìlọrin àwọn ènìyàn ń sin oyin bí a ti ń sin adìẹ. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ bá mi lọ kí ẹ wò ó. Bí mo bá purọ́, kí ẹ gba ẹrù obì mi." Mo bá a lọ.

Ojú ọ̀nà

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé igbó máa ń tán. Mo rò pé gbogbo ayé ni igbó. Lójoojúmọ́ tí a ń rìn ni igi ń kúrú, tí wọ́n ń jìnnà síra, títí ó fi di pé koríko ni ó pọ̀ jù, tí ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí wa. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n bọ́ aṣọ lára mi. Ní ibì kan a rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń to irin ojú ọ̀nà ọkọ̀ òyìnbó, wọ́n ń kọrin sí i bí àwa ti ń kọrin sí ebè. Ní ibòmíràn obìnrin kan fún wa lómi, kò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ó ní omi kì í ṣe ti òun.

Mo ń yára rìn nítorí ọ̀rọ̀ Baba Ọ̀tún wà lọ́kàn mi. Làmídì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Tísà, ẹ rọra! Ìlọrin kì í sá."

Dídé

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé. Kí n tó rí ilé kan ni mo ti gbọ́ ohùn tí ń pe ìrun, ọ̀kan láti ìhín, ọ̀kan láti ọ̀hún, títí wọ́n fi dàpọ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má bínú sí mi bí mo bá ní ó dùn mọ́ mi. Ó rẹ̀ mí, mo sì jìnnà sílé. Ẹni tí ó bá ń pe ènìyàn sí àdúrà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ará ilé ni.

Làmídì mú mi lọ sí agbo ilé àna rẹ̀, Baba Sálíù, nítòsí ọjà Ìpàtà. Bàbá náà rí tẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá kéékèèké. Òun ni olóyin tí Làmídì ń sọ. Mo rí awọ àgbò kan tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo rò pé àlejò ni wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ dè, mo bá jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Gbogbo ilé yíjú wò mí. Ìyá Àwáwù, ìyàwó Baba, ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Àlejò wa yára o! Ó ti gun awọ ìrun, kò tíì ṣe àlùwàlá."

Mo fò dìde, mo ń tọrọ gáfárà. Baba gbé awọ náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó tẹ́ ẹní fún mi. Ó ní, "Jókòó, ọmọ mi. Ibi àdúrà ni o ṣìnà sí, kì í ṣe ibi burúkú."

Ìkíni wọn gùn ju tiwa lọ. Wọ́n á kí ọ kú ìrìn, wọ́n á béèrè àlàáfíà ilé, ti ìyá, ti oko, ti ojú ọ̀nà, lẹ́yìn náà wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe. Wọ́n ní ẹni tí ó bá tètè bi àlejò ní ohun tí ó wá fún, ó fẹ́ kí ó tètè lọ ni.

Ní alẹ́ náà wọ́n gbé fùrá, ohun mímu tí a fi ọkà ṣe, tí a fi oyin sí wá, àti ohun funfun kan tí mo rò pé mọ́ínmọ́ín ni. Wàrà ni, wàrà màlúù tí ó ti di líle. Baba ní, "Bísímílà." Mo di ojú mi kí n lè gbàdúrà sórí oúnjẹ bí a ti máa ń ṣe. N kò tíì dé àárín rẹ̀ tí Ìyá Àwáwù fi sọ pé, "Ẹ wò ó o, ṣé orí ń fọ́ ọ ni?"

Baba ní, "Fi í sílẹ̀. Ó ń dúpẹ́ ni."

"Kó dúpẹ́ kíákíá, eṣinṣin ti fẹ́ bá a jẹ ẹ́."

Ilé tí a kọ́ dè wọ́n

Ní ọjọ́ kẹta Baba bi mí. Mo sọ fún un pé wọ́n jó oyin ìlú wa, ẹ̀gúsí wa kò sì so mọ́, àwọn àgbà sì fẹ́ lé ìjọ wa. Ó ní, "Ta ni ó jó wọn?" Mo ní, "Àwọn ọmọ kan ni, Baba." Ó wò mí, ó sì mú mi lọ sí oko.

Ẹ̀yin ará, Làmídì kò purọ́. Lórí igi ẹ̀mí, tí òrí ti ń wá, àti igi igbá, tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, ni mo ti rí ohun tí ó dà bí agbọ̀n gígùn tí a fi koríko hun, tí a fi ìgbẹ́ màlúù tí a pò mọ́ amọ̀ rẹ́ lára. Wọ́n dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fi ihò kékeré kan sílẹ̀ tí kò gba ju ìka méjì lọ. Níbẹ̀ ni oyin ń gbà wọlé, tí wọ́n ń gbà jáde, bí ènìyàn ní ẹnubodè.

Mo ní, "Báwo ni ẹ ṣe ń mú wọn wọ inú rẹ̀?"

"A kì í mú wọn. Ilé la kọ́ dè wọ́n. A fi ìda oyin àtijọ́ pa inú rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ òórùn ará wọn. Bí ó bá wù wọ́n, wọ́n á wọ̀ ọ́. Bí kò bá wù wọ́n, a ó ní sùúrù."

Bí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n máa ń gba díẹ̀ nínú oyin. Mo tẹ̀lé Baba gun igi. Ó fẹ́ èéfín ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sí wọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná fún ọmọdé. Ó ṣí ẹ̀yìn ilé náà, ó gé afárá mẹ́ta, ó sì tì í. "Ẹ̀yìn ni tiwa. Iwájú ni tiwọn, ibẹ̀ ni ọmọ wọn wà." Mo rántí ògùṣọ̀ tí àwa mú lọ bá wọn nílé, ojú sì tì mí. Níbi tí mo ti ń ronú ni ọ̀kan bà sí ìpéǹpéjú mi, mo bá gbá a.

"Má gbá a!" Baba pariwo. Ó ti pẹ́ jù. Ogún, ọgbọ̀n wọn ti dé.

Nígbà tí a padà délé, ojú mi ti wú bí àkàrà. Ìyá Àwáwù dijú, ó tún là á. "Láhílà! Ta ló din mọ́sà sójú àlejò wa?"

Ó fi omi tútù àti òrí pa ojú mi, ó ń rẹ́rìn-ín títí. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń fi ojú kan ríran. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ báyìí ni Baba máa ń wá jókòó tì mí, ó ń kọ́ mi.

Ó ní oyin kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tí ó ta mí ni onílé ńlá, tí ń kó oyin jọ. Olórí wọn kì í ṣe ọkùnrin, abo ni, òun nìkan ni ó ń yé ẹyin fún gbogbo ilé. Àwọn akọ wọn kò mọ iṣẹ́ kankan, bí oúnjẹ bá sì wọ́n, wọ́n á lé wọn síta.

"Oyin gbọ́n," ni Ìyá Àwáwù wí láti ibi ààrò.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn wẹ́wẹ́ dúdú tí kò lè ta, tí wọ́n fi ìda ṣe ẹnu ọ̀nà bí ẹnu fèrè sára ògiri. Oyin tiwọn kan díẹ̀. Inú òdòdó kéékèèké tí onílé ńlá kò náání ni wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn náà ni dúdú ńlá kan tí ń dá gbé, tí ń lu ihò sára igi àjà, tí ń hó bí ẹni ń bínú. Òun kì í fún ènìyàn ní oyin rárá. Mo ní, "Kí ni ìwúlò rẹ̀, nígbà tí ó ń ba igi àjà jẹ́?" Baba ní, "Lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀wà òtílí tó wà lẹ́yìnkùlé. Òdòdó rẹ̀ le, ẹni tó lágbára ló ń ṣí i." Ní ti agbọ́n, ó ní ìyẹn kì í ṣe oyin, ṣùgbọ́n ìdin tí ń jẹ ewé ni ó ń pa fún ọmọ rẹ̀, kí a má ṣe wá ìjà rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan ó rí mi tí mò ń ka ìwé mi lábẹ́ igi. Ó ní, "Ṣé tiyín náà dárúkọ oyin?" Mo sọ fún un nípa wòlíì kan tí ń gbé aginjù, tí ó jẹ́ pé eṣú àti oyin ni oúnjẹ rẹ̀.

"Eṣú àti oyin?" Ìyá Àwáwù ní. "Kò níyàwó, àbí?"

Mo ní kò ní.

"Mo mọ̀."

Òdòdó márùn-ún

Oko bàrà kan wà lẹ́bàá odò tí ó jẹ́ ti Baba. Ó mú mi lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí n wò ó dáadáa. Mo ti ń gbin bàrà láti kékeré, n kò sì tíì wò ó rí. Òdòdó kan wà tí ọ̀pá lásán wà ní ìdí rẹ̀. Òmíràn wà tí bàrà kékeré bí èékánná ti wà ní ìdí rẹ̀ kí ó tó là. Baba ní akọ ni ti ìṣáájú, abo ni èkejì.

Ó yan abo márùn-ún tí wọn yóò là lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó fa láwàní àtijọ́ kan ya, ó fi bo méjì nínú wọn, ó so ó rọra. Ó fi mẹ́ta sílẹ̀. Lówùúrọ̀ mo padà lọ wò wọ́n. Oyin ńlá wá, àwọn wẹ́wẹ́ wá, wọ́n wọ inú akọ, wọ́n jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lára, wọ́n wọ inú abo. Àwọn tó wá sídìí aṣọ rìn yí i ká, wọ́n sì lọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn mẹ́ta ti tó ẹyin ẹyẹlé, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Àwọn méjì tí a bò ti pọ́n, wọ́n rọ. Bí mo ti fọwọ́ kàn wọ́n ni wọ́n já.

Baba ní, "Alárinà ni oyin. Akọ kò lè rìn, abo kò lè rìn. Ẹni tó pa alárinà, ṣé ó tún lè máa retí ọmọ?"

Mo di bàrà jíjẹrà méjì náà mọ́wọ́. Gbogbo oko Òdò-Iyanrìn ni ó wà lójú mi, ọdún méjì gbáko, àwọn obìnrin tí wọ́n ń yẹ abẹ́ ewé wò tí wọn kò rí nǹkan kan.

Mo ní, "Baba, kì í ṣe àwọn ọmọ kan ni ó jó wọn. Èmi ni."

Ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀, ó kà á títí dé ibi tí ó fẹ́ dé. Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹni tí kò dáná kì í rìn jìnnà tó báyìí. Nítorí kí ni o ṣe jó wọn?"

"Nítorí Ọlọ́run ni."

"Èyí tí ó dá wọn?"

Mo wo bàrà méjì tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Àwa náà kì í forí balẹ̀ fún oyin. N kì í sì í forí balẹ̀ fún màlúù. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò mi bá ń forí balẹ̀ fún màlúù, ṣé màlúù ni n óò pa?"

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, ó di ìṣù ìda kan sínú ewé fún mi. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó gbàdúrà ní èdè Lárúbáwá, mo ní àmín. Ó ní kí èmi náà gbà á. Mo gbà á ní èdè wa, òun náà ní àmín. Ìyá Àwáwù ní, "Ọlọ́run ti gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Bí o kò bá délé, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ ló ní ọ̀ràn."

Nílé

Mo délé. Ìjọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mo ní a ṣe àṣìṣe, èmi ni mo sì kọ́ wọn ní àṣìṣe náà. Inú bí àwọn kan. Akọ̀wé ìjọ dìde, ó ní, "Tísà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ìmàle, ẹ sì bọ̀ wá sọ fún wa pé abọ̀rìṣà ló tọ̀nà?" Ìdílé mẹ́ta kò wá sí ìsìn mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn náà mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Baba Ọ̀tún. Mo ní, "Baba, kì í ṣe òrìṣà kan ni ó bínú. Èmi ni mo pa àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wa. Ẹ dárí jì mí."

Ó ní, "Ohun tí o bá pè é, ìyẹn kò kàn mí. Ṣé wọn ó padà wá?"

"N kò mọ̀, Baba."

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí o ti ń jẹ́ Tísà ní ìlú yìí, èyí ni ìgbà kìn-ín-ní tí mo gbọ́ ọ tí o ní o kò mọ nǹkan."

Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí bàrà ọdún yìí kò bá so, a ó lọ.

Mo hun ilé oyin méje, mo fi ìda Baba Sálíù pa inú wọn, mo gbé wọn kọ́. Ọyẹ́ dé, kò sí oyin. Èèrà gba méjì, aláǹgbá gba ọ̀kan. Mo ń lọ wò wọ́n láràárọ̀, akọ̀wé ìjọ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, bí mo ti ń wàásù, a gbọ́ ohùn kan lókè bí ẹni pé òjò ń bọ̀. Àwọn ènìyàn dìde láti sá. Mo ní, "Ẹ jókòó. Ẹ má ṣe gbá nǹkan kan." Wọ́n jókòó. Agbo oyin kọjá lórí ilé ìjọsìn bí ìkùukùu, wọ́n wọ ilé tí mo gbé kọ́ sára igi ìyeyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kí òjò tó dé, ilé kejì ti ní olùgbé. Àwọn wẹ́wẹ́ sì ti padà sí ògiri ilé àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n.

Bàrà so. N kò ní purọ́, kì í ṣe gbogbo oko. Apá tó sún mọ́ àwọn ilé oyin so dáadáa, apá ọ̀nà odò kò so tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó jẹ, ó tó tà, ó sì ṣẹ́ kù fún irúgbìn. Títí di ọjọ́ ìkórè, Baba Ọ̀tún kò ránṣẹ́ sí mi, rere tàbí búburú.

Ní ọjọ́ ìkórè, nígbà tí ilé ìjọsìn kún, mo rí i ní ẹnu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ru agbọ̀n ẹ̀gúsí kan wá. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìta.

Ó ní, "Ẹ fi èyí fún Ẹni tí ẹ ní ó dá oyin. Ẹ tún ilé yín tí òrùlé rẹ̀ ń jò ṣe kí òjò tó pọ̀."

Akọ̀wé ìjọ ni ó sáré lọ bá a. "Ẹ wọlé, Baba. Àyè wà níwájú."

"Ibi tí mo wà yìí dára. Mò ń gbọ́ yín."

Ó jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi ìyeyè. Oyin ń lọ, wọ́n ń bọ̀, lókè orí rẹ̀. Ìjọ ń dúró dè mí kí n bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó gùn. Baba náà kò ní wọlé.

Mo pa ìwé náà dé, mo jáde lọ jókòó tì í.